Ọmọ Kejì Inú Àlọ́ Igbákọ

Nígbà tí Lydia wọ ilé Akínwọlé ní Odigbo, ọmọ kan ti wà nílẹ̀. Ọláyídé ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú kí ó tó mọ ojú ẹnikẹ́ni dáadáa, bàbá rẹ̀ sì ń gbé e kiri oko kòkó bí ẹni gbé àpò. Lydia gbà á lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ọmọ náà sì sùn. Akínwọlé máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọjọ́ yẹn gan-an ni òun mọ̀ pé ilé òun ti tún di ilé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Akínwọlé nìkan ló ń wo Lydia. Gbogbo àdúgbò ló ń wò ó, torí pé kò sí ọmọ Odigbo tí kò mọ àlọ́ igbákọ. Ọmọbìnrin kan wà nínú àlọ́ náà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ìyàwó bàbá rẹ̀ rán an lọ fọ abọ́ lódò, odò gbé igbákọ lọ, ìyàwó bàbá sì ní kò gbọdọ̀ padà wálé láìmú igbákọ bọ̀. Ọmọ náà ń tẹ̀ lé odò, ó ń kọrin, títí ó fi dé ilé arúgbó kan tí egbò bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wẹ egbò náà fún un, kò yínmú. Arúgbó dá igbákọ padà fún un, ó tún fún un ní akèrègbè kan, ó ní kí ó fọ́ ọ bó bá délé. Ó fọ́ ọ, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ló tú jáde. Ni ìyàwó bàbá bá rán ọmọ tirẹ̀ náà lọ. Ọmọ yẹn yínmú sí egbò, ejò ló sì kún inú akèrègbè tí ó gbé wálé. Ejò bù ú jẹ, ibẹ̀ ni ọmọ náà kú sí. Bí àlọ́ bá dé ibẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ á pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó bá ti rí Lydia àti Ọláyídé pọ̀, àlọ́ yìí ló ń wá sí i lọ́kàn. Bí Lydia bá bu oúnjẹ, obìnrin tó wá kí i á rọra fojú wọn ẹran tó wà nínú abọ́ ọmọ náà. Bí Ọláyídé bá ru omi, àwọn ọmọ iléèwé á máa kọ orin àlọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, pé kí odò jọ̀ọ́ dá igbákọ òun padà, ìyàwó bàbá òun ń bínú. Wọn kò ní ibi lọ́kàn. Wọ́n ń ṣeré ni.

Lẹ́yìn náà Lydia bí ọmọbìnrin tirẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Yínká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Lydia ní Ìyá Yínká, inú rẹ̀ sì ń dùn bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àlọ́ ti pé nínú ilé rẹ̀ báyìí: ìyàwó bàbá rèé, ọmọ òrukàn rèé, ọmọ tó bí fúnra rẹ̀ rèé. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á pé ohunkóhun tí òun bá ṣe, wọ́n á rí i mọ́ ti inú àlọ́. Bí iṣẹ́ bá wà, Yínká ló ń rán. Bí ẹran kò bá kárí, ti Yínká ló ń dín kù. Bí àwọn ọmọ méjèèjì bá jọ ṣẹ̀, Yínká ló ń nà. Akínwọlé rí i, ó sì bá a sọ ọ́. Ó ní òun lòun bí àwọn méjèèjì, kí ó má fìyà jẹ ọ̀kan nítorí ẹnu ayé. Lydia fèsì pé ẹnu ayé kì í dun ọkùnrin bó ṣe ń dun obìnrin. Yínká ní tirẹ̀ kò bínú. Ọmọ tó fẹ́ràn kí wọ́n rán òun níṣẹ́ ni, torí pé kì í lọ kó má rí nǹkan sọ bó bá dé.

Gàrí ni Lydia ń tà. Bí ọjọ́ ọjà Ore bá bọ́ sí àsìkò ìsinmi, á kó àwọn ọmọ méjèèjì dání, wọ́n á wọkọ̀ láti Odigbo, wọ́n á sì pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ Èkó àti ti Benin ń gbà. Lọ́jọ́ kan, Rọ́fíàt tó ń ta ẹ̀wà ní òdìkejì títì yá kóńgò tí Lydia fi ń wọn gàrí. Oníbàárà dé, Rọ́fíàt kò tíì dá a padà. Ọláyídé dìde láti lọ gbà á. Òun ni ẹ̀gbọ́n, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì náà. Àwọn obìnrin tó pàtẹ sí ìtòsí yíjú sí wọn, ọ̀kan nínú wọn sì fi ẹ̀rín kọ orin igbákọ sẹ́nu.

"Jókòó," ni Lydia wí fún Ọláyídé. "Yínká, ìwọ lọ."

Yínká sáré lọ. Ó gba kóńgò náà, ó dé e sórí bíi fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Tírélà tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Benin kò rí i.

Rọ́fíàt ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣí ìbòrí tó wà lórí rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà. Lydia kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá àpò gàrí, ó di ọwọ́ Ọláyídé mú pinpin, kò sì fi sílẹ̀ títí Akínwọlé fi dé láti oko.

Wọ́n sin Yínká sí Odigbo. Kí iyẹ̀pẹ̀ ojú oórì tó gbẹ, wọ́n ti ń sọ nílùú pé àlọ́ ti ṣẹ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú Lydia, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá gbèrò ibi sí ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ tirẹ̀ ló máa fi san án, pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti inú àlọ́ ṣe parí. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ibi wo ni Lydia gbèrò. Wọn kò sì mọ ohun tí wọn ì bá máa pè é mọ́. Ìyá Yínká kò ṣeé pè, Ìyá Ọláyídé kò sì wá sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ń pè é ní Ìyàwó Akínwọlé. Nígbà tí Akínwọlé náà kú, wọ́n ń pè é ní Lydia lásán, àgbàlagbà bíi tirẹ̀.

Ọláyídé nìkan ló ń pè é ní Màmá.

Gàrí náà ni Lydia ń tà tí Ọláyídé fi kàwé dé yunifásítì. Nínú ilé, wọn kì í dárúkọ Yínká. Wọn kò jọ ṣàdéhùn rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ dá a sọ, á wo ojú èkejì, á sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Èdè Yorùbá ni Ọláyídé kà. Nígbà tó dé ìdí oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní kí ó mú àlọ́ kan ṣoṣo, kí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà títí di òde òní, kí ó sì wo bí gbogbo ẹni tó gbà á ṣe yí i sí tirẹ̀. Àlọ́ igbákọ ni Ọláyídé mú. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Fún Lydia, ohun tó sọ kò ju pé àwọn àlọ́ àtijọ́ ni òun ń kó jọ, Lydia sì ní kí Ọlọ́run bá a ṣe é.

Ó rí i pé àlọ́ náà ti rìn jìnnà. Ó wà nínú ìwé kíkà kan tí àwọn iléèwé ìjọ fi ń kọ́ ọmọdé láyé àtijọ́. Níbẹ̀, arúgbó elégbò ti di áńgẹ́lì, akèrègbè sì ti di àpótí. Àwọn eléré orí ìtàgé ti ṣe é, wọ́n wọ aṣọ pupa fún ìyàwó bàbá, wọ́n lé èékánná gígùn sí i lọ́wọ́, kí ará ìlú lè máa hó lé e lórí. Àwọn onífíìmù gbé e lọ sí ìlú ńlá, wọ́n sọ odò di ilé olówó kan tí ọmọ òrukàn ti lọ ń ṣọmọ ọ̀dọ̀. Ó ti wà lórí fóònù báyìí, àwòrán tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀, àwọn ìyá sì ń gbé e fún ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Àwọn onímọ̀ náà ti jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ẹ̀kọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ ló ń kọ́ni. Àwọn mìíràn ní ìjà orogún ló bí i. Àwọn kan kó o pọ̀ mọ́ àlọ́ ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí ọmọ tí kò ní ìyá ti ń jìyà lọ́wọ́ ìyàwó bàbá, wọ́n ń wo ibi tó ti jọ àti ibi tó ti yàtọ̀. Ọláyídé ka gbogbo rẹ̀. Odò yí padà, arúgbó yí padà, ẹ̀bùn yí padà. Ìyàwó bàbá nìkan ni kò yí padà níbi kankan.

Nígbà tó ń bá iṣẹ́ náà lọ, wọ́n júwe ìyá arúgbó kan fún un ní Aráròmí-Obu. Ìyá Ọlọ́runbùnmi ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kadà ló gbé Ọláyídé gba ọ̀nà oko lọ síbẹ̀. Ojú ìyá náà ti fọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì dára. Ó pa àlọ́ náà ní Ìkálẹ̀ ògidì, irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í sọ mọ́. Nígbà tó kan orin, Ọláyídé rò pé etí òun ló ṣì gbọ́. Orin tí òun mọ̀ láti kékeré ní ìyàwó bàbá òun ń bínú. Ohun tí arúgbó yìí kọ ni pé ìyá òun ń bínú.

Ọláyídé bi í pé ìyá wo.

"Ìyá tó bí i," ni arúgbó náà wí. "Ìyá mìíràn wo ló tún wà?"

Ó ní bí ìyá òun ṣe ń pa á nìyẹn, bí ìyá ìyá òun náà sì ṣe ń pa á nìyẹn. Obìnrin kan bí ọmọ méjì, ó fẹ́ràn ọ̀kan, kò fẹ́ràn èkejì, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí. Nígbà tí iléèwé dé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ti inú ìwé bọ̀ wálé. Tíṣà wọn ti sọ fún wọn pé abiyamọ kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tó ti inú rẹ̀ jáde, pé ìyàwó bàbá ni yóò jẹ́. Wọ́n ń fi ti àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì sú àwọn àgbà láti máa bá wọn jà. Bí ti inú ìwé ṣe borí nìyẹn.

Ọláyídé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì wá yé e. Kí ìyá lè máa jẹ́ wúrà títí láé, wọ́n ti gbé ẹ̀bi ìyá ru ẹlòmíràn, ẹni tó sì súnmọ́ wọn jù ni obìnrin tó wọlé tó bá ọmọ nílẹ̀.

Nígbà tó dé Odigbo, ó bá Lydia ní ẹ̀yìnkùlé tó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ fún un pé àlọ́ tí òun ń wádìí láti ọjọ́ yìí wá, àlọ́ igbákọ ni, pé kò sí ìyàwó bàbá kankan nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pé àwọn èèyàn ló fi í síbẹ̀. Ó ti rò ó pé Lydia yóò sunkún, tàbí kí ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Lydia kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá àwọn ará Odigbo ti gbọ́. Ọláyídé ní wọn kò tíì gbọ́, inú ìwé ni òun fẹ́ kọ ọ́ sí. Lydia mi orí, ó ní ó dára, kó kọ ọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni tíṣà kan tó ń jẹ́ Hafeezah pe Ọláyídé láti Ore. Iléèwé aládàáni kan ni obìnrin náà ti ń kọ́ni, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì fẹ́ fi àlọ́ igbákọ ṣeré lọ́jọ́ ìparí ọdún. Ó ti gbọ́ pé ọmọ ilẹ̀ wọn kan ń kọ ìwé lórí àlọ́ náà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọláyídé gbà kíákíá. Nígbà tí Lydia gbọ́, ó ní òun yóò bá a lọ. Ọláyídé gbìyànjú láti dá a dúró, ó ní ooru yóò mú, ó ní èrò yóò pọ̀. Lydia ní òun kò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe ìyàwó bàbá, òun sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Wọ́n ti ta tapólì sí àgbàlá iléèwé náà. Àwọn òbí kún ibẹ̀, àwọn oníṣòwò, àwọn awakọ̀ tó ti ibùdókọ̀ yà wá wo ọmọ wọn. Lydia jókòó sí ìlà iwájú, ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa. Ọláyídé sọ ohun tó mọ̀. Ó sọ ti arúgbó Aráròmí-Obu, ó kọ orin náà bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn tẹ́tí sí i, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lydia náà pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ sì rọ̀ lọ́nà tí Ọláyídé kò rí rí.

Lẹ́yìn náà eré bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó bàbá ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èyí kò da Lydia láàmú, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ṣe ìyàwó bàbá náà, torí pé ìró ń jábọ́ nídìí rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ọmọ kejì wọlé. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ó gbé akèrègbè rẹ̀ sórí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sáré bọ̀ wálé wá bá ìyá rẹ̀. Ó fọ́ ọ. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ejò wọ́ jáde. Ọmọbìnrin náà ṣubú, ó na gbalaja, kò mira mọ́, gbogbo àgbàlá sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó.

Lydia dìde, ó gba àárín èrò jáde.

Ọláyídé sáré tẹ̀ lé e. Ó bá a lẹ́yìn ògiri iléèwé, ó fi ọwọ́ kan ti ògiri. Ọláyídé ní kí ó má bínú, ó ní òun ì bá ti ní kí wọ́n yọ ìyàwó bàbá náà kúrò.

"Kì í ṣe tìyàwó bàbá," ni Lydia wí. "Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n máa bú u lọ. Ọmọ yẹn ńkọ́? Wọ́n rán an níṣẹ́, ó lọ. Kí ló tún ṣe?"

Ọláyídé ní ọmọ náà yínmú sí egbò ni.

"Ọmọdé ni. Ọmọdé wo ni kì í yínmú sí egbò?" Ó yíjú sí Ọláyídé. "Ìwọ tó o ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo wọn, tó o ti kà á ní gbogbo ìwé, ṣé ẹnìkan wà tó sunkún ọmọ yẹn?"

Ọláyídé ronú. Ó ronú kan ẹnu àwọn àgbà, ó ronú kan ìwé ìjọ, ó ronú kan fíìmù àti àwọn onímọ̀ tó ń jiyàn. Ọmọ òrukàn máa ń ní orúkọ nínú àwọn kan lára wọn. Ọmọ kejì kò ní orúkọ níbi kankan. Nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ, ọmọ kejì ló ń pè é láti òkè délẹ̀.

"Kò sí, Màmá," ló wí.

Ìgbà yẹn ni Lydia wá sunkún. Kò pariwo. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó máa dà. Hafeezah ti gbọ́ pé àlejò òun dìde, ó jáde wá, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ ìyá náà láìmọ ohun tó ṣẹ̀ ẹ́. Lydia ní kí ó dìde, ó ní àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa. Ó ní kí ó fún èyí tó ṣubú yẹn ní omi mu, torí pé ilẹ̀ ti gbóná jù.

Nígbà tí òjò rọlẹ̀, Ọláyídé padà sí Aráròmí-Obu láti bi ìyá arúgbó náà bóyá nínú ti àtijọ́ ẹnìkan sunkún ọmọ kejì. Wọ́n ti sin ín. Ọmọ rẹ̀, Ọlọ́runbùnmi, ní òun kò rántí ibẹ̀, pé bí àlọ́ bá ti dé ibi ejò, àwọn á ti máa sáré lọ sùn. Ọláyídé bi àwọn mìíràn káàkiri, ní Ore, ní Odigbo. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè rẹ̀. Àwọn kan ní wọn kò rò ó rí. Ó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé òun wá a, òun kò rí i.

Ó wà ní Odigbo ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti Lydia jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́, òjò ń ṣú. Lydia kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní Yínká kì í fẹ́ kí wọ́n kan òun lórí, tí wọ́n bá fẹ́ dirí fún un, inú oko ni wọ́n ti máa ń lọ wá a. Ó ní kò lè jẹ ohun tó bá ní àlùbọ́sà. Ó ní tó bá ń sùn, ó máa ń sọ̀rọ̀, a sì máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń tú aṣọ tó ti pẹ́ ní kíká. Nígbà tó yá, ó dúró. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ sú u. Ọ̀rọ̀ náà ló tán, nítorí ọmọ náà kò pẹ́ láyé.

Ọláyídé rí i bí ọwọ́ Lydia ṣe dúró lórí ẹ̀gẹ́.

"Ó ní awakọ̀ ni òun máa jẹ́," ni Ọláyídé wí. "Ẹ̀yin kò mọ̀, ó ní kí n má sọ. Ó ní òun máa ra ọkọ̀ ńlá, kí òun lè máa gbé yín lọ sọ́jà, kí ẹ máa jókòó níwájú."

Lydia gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Láti gbogbo ọdún yìí wá, kò tíì gbọ́ ohun titun kan nípa ọmọ rẹ̀.

"Tún un sọ," ló wí.